Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ ní Salamanca: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Lọ Kàwé ní Sípéènì

Salamanca kì í ṣe ìlú ńlá. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé afárá àwọn ará Róòmù tó wà lórí odò Tormes láìtó wákàtí kan. Yunifásítì ibẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1218, ló dàgbà jù nínú àwọn tó ṣì ń kọ́ni ní Sípéènì, nítorí náà àlejò akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun lójú wọn. Ohun tó máa ń fún àwọn ọmọ wa ní wàhálà níbẹ̀ ni ètò ìwé. Ilé ló ń bí ìwé ibùgbé, ìwé ibùgbé ló ń ṣílẹ̀kùn káàdì àlejò, ọjọ́ tí òfin sì fún ọ ti ń lọ láti ìgbà tí o ti wọ ilẹ̀ wọn. Bí o bá tẹ̀ lé e bó ṣe tò, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí o bá fi ìkẹta ṣáájú ìkíní, wàá kàn máa lọ máa bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni.

Ẹni tó gba físà tó ju ọjọ́ 180 lọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí tìrẹ kò bá tó bẹ́ẹ̀, fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ káàdì kọjá. Ìyókù kàn ọ́.

Kí o tó kúrò nílé

Ìwé tí kò gbọdọ̀ sọnù kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ ní pápákọ̀ òfurufú. Pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà ìgbàwọlé, ìwé inṣọ́ránsì ìlera, ẹ̀rí owó, ojúlówó sáátífíkéètì pẹ̀lú ìtumọ̀ tí ògbufọ̀ tí ìjọba wọn fọwọ́ sí ṣe, àdírẹ́sì ibi tí o máa kọ́kọ́ sùn: àpò ọwọ́ ni gbogbo wọn. Ṣe fọ́tòkọ́pì wọn, ya àwòrán wọn sórí fóònù, kí o sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé. Ya fọ́tò kékeré mélòó kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun dání, wọn yóò béèrè rẹ̀.

Wo físà náà dáadáa. Nọ́ńbà kan sábà máa ń wà lórí rẹ̀ tí lẹ́tà X, Y tàbí Z bẹ̀rẹ̀, tí lẹ́tà mìíràn sì parí. NIE ni wọ́n ń pè é, òun ni nọ́ńbà rẹ níwọ̀n ìgbà tí o bá ń bá Sípéènì ní nǹkan ṣe. Há a sórí. Báńkì, ilé ìwé, ilé iṣẹ́ fóònù, gbogbo wọn ló máa béèrè rẹ̀.

Ní ti ẹrù, ihò iná wọn kò gba plọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta wa. Ẹlẹ́nu méjì róbótó ni tiwọn. Ra adáptọ̀ méjì kí o tó lọ. Agbára iná náà kò yàtọ̀ sí tiwa, ṣájà àti áyọ́ọ̀nù rẹ máa ṣiṣẹ́. Gàrí àti èlùbọ́ ni kí o dì. Òfin Yúróòpù kò gbà kí èrò gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe wọlé láti òde, nítorí náà kílíṣí, pọ̀nmọ́ àti ẹran gbígbẹ tí Màmá ti dì sínú ike, ẹ jẹ ẹ́ tán nílé. Má sì ru jákẹ́ẹ̀tì wúwo láti Kàtáńgúà. Òótọ́ ni pé ìlú náà wà lókè, ó ga tó bíi mítà 800, òtútù rẹ̀ sì le láti oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ń ràn ní oṣù kẹsàn-án tí wọ́n ń wọlé. Súwẹ́tà kan tó fún alẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì tó bá òtútù wọn mu, ọjà tiwọn ló wà.

Láti Madrid dé Salamanca

Pápákọ̀ Barajas ní Madrid ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé. Bí bàálù rẹ bá yà ní Paris, Frankfurt tàbí Amsterdam, níbẹ̀ ni wọ́n ti máa yẹ pásípọ́ọ̀tù rẹ wò, torí ibẹ̀ lo ti wọ àgbègbè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí kò sí àyẹ̀wò ibodè láàárín wọn. Má sọ ìwé ìwọkọ̀ bàálù nù lẹ́yìn tí o bá dé. Òun ló máa jẹ́rìí ọjọ́ tí o wọ Sípéènì gan-an bí ọlọ́pàá bá béèrè.

Bọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà sí Salamanca wà láti inú pápákọ̀ náà, ilé iṣẹ́ Avanza ló ń wà á, ìrìn bíi wákàtí mẹ́ta ni. Ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n fi ààyè tó pọ̀ sílẹ̀ láàárín àkókò tí bàálù máa balẹ̀ àti àkókò bọ́ọ̀sì; bàálù lè pẹ́, ìlà àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú sì gùn. Bí ó bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, má sunkún. Láti Terminal 4, ọkọ̀ ojú irin Cercanías lè gbé ọ dé Chamartín, níbi tí rélùwéè Salamanca ti ń gbéra, tàbí dé Méndez Álvaro, níbi tí gáréèjì bọ́ọ̀sì ńlá wà. Bí terminal mìíràn lo bá sọ̀ sí, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ń gbé èrò láti ọ̀kan sí èkejì.

Wo kàlẹ́ńdà kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ni ọdún Virgen de la Vega, ìsinmi ni fún gbogbo ìlú, ayẹyẹ náà sì máa ń gbà wọ́n lọ́jọ́ púpọ̀. Ẹni tó bá dé lásìkò yẹn á rí ijó àti ìran wò, ṣùgbọ́n yàrá ilé àlejò á wọ́n, ọ́fíìsì á sì tì. Bákan náà, má dé lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú ebi nínú, torí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ni kì í ṣí.

Ilé

Ibí ni mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ jù lọ. Gba ilé àlejò fún bíi ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan, kí o wá máa wá yàrá nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ti tẹlẹ̀. Má ṣe sanwó yàrá tí o kò fojú rí. Onílé kan á sọ pé òun wà ní London, pé kí o fowó ránṣẹ́ kí òun fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí ọ; gbájú-ẹ̀ ni. Fọ́tò tó fi hàn ọ́ lè jẹ́ ti ilé ẹlòmíràn pátápátá.

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé jù ni piso compartido: yàrá tìrẹ, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ àjùmọ̀lò. Àárín ìlú dùn ún gbé, ṣùgbọ́n láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ariwo àwọn ọ̀dọ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Garrido jìn díẹ̀, àwọn ìdílé ló pọ̀ níbẹ̀. Barrio Oeste sún mọ́ àárín ìlú, àwòrán aláràbarà ló sì kún ara ilẹ̀kùn gáréèjì wọn. Kí o tó yàn, mọ ibi tí fákọ́tì rẹ wà. Gbogbo rẹ̀ kò sí lójú kan náà.

Nígbà tí o bá lọ wo yàrá, àwọn ìbéèrè kan wà tí o kò gbọdọ̀ gbàgbé. Èkíní ló ṣe pàtàkì jù: *¿Me puedo empadronar aquí?* Ohun tí ò ń béèrè ni bóyá onílé á jẹ́ kí o fi àdírẹ́sì náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bó bá ní rárá, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o máa lọ, bó ti wù kí yàrá náà dára lójú rẹ tó. Èkejì, béèrè nípa calefacción, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná: ṣé ti gbogbo ilé ni, àbí olúkúlùkù ló ń tan tirẹ̀, ta ló sì ń san owó rẹ̀? Yàrá olówó pọ́ọ́kú tí o máa fi owó gáàsì kún lóṣù kìíní ọdún lè wá wọ́n ju èyí tó kọ́kọ́ dà bí ọ̀wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà, béèrè bóyá owó iná, omi àti íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú owó ilé. *Gastos incluidos* ni wọ́n ń sọ bó bá wà níbẹ̀.

Gba ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí. Wọ́n á gba fianza, owó ìdúró tí wọ́n máa dá padà nígbà tí o bá kó jáde. Owó oṣù kan ló wọ́pọ̀. Gba rìsíìtì. Ya fọ́tò ògiri, bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé àti gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ lọ́jọ́ tí o kó wọlé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀sùn ohun tí o bá nílẹ̀ kàn ọ́.

Àdírẹ́sì wọn ní bí wọ́n ṣe ń kà á. Bí o bá rí «14, 3º Izda», ilé kẹrìnlá ni, àjà kẹta, ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì. «Dcha» ni ọ̀tún, «Bajo» ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Àjà àti ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń wà lára bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà, nítorí náà má rò pé orúkọ Bùọ̀dá Báyìí ni o máa rí níbẹ̀.

Padrón: kíkọ orúkọ sílẹ̀ bí ará ìlú

Ní kété tí ilé bá ti wà, lọ sí Ayuntamiento, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. Ojú ilé wọn wà ní Plaza Mayor, gbàgede ńlá àárín ìlú. Béèrè ibi tí ọ́fíìsì padrón wà. Mú pásípọ́ọ̀tù àti ìwé àdéhùn ilé lọ. Bí kò bá jẹ́ pé orúkọ rẹ ló wà lórí ìwé ilé, ẹni tó ni orúkọ níbẹ̀ máa kọ̀wé pé òun gbà kí o máa gbé ibẹ̀, á sì fi ẹ̀dà káàdì rẹ̀ ti ìwé náà lẹ́yìn. Wọ́n á fún ọ ní volante, ìwé tó fi hàn pé ará Salamanca ni ọ́ báyìí. Má gbà á kí o kàn fi há inú bíbélì. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í gba èyí tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ.

Òwúrọ̀ ni kí o lọ. Agogo mẹ́sàn-án sí méjì ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba ń rí èrò, lẹ́yìn ìyẹn ó di ọjọ́ kejì.

Káàdì àlejò, TIE

Oṣù kan ni òfin fún ọ láti ìgbà tí o bá ti wọ Sípéènì láti béèrè káàdì yìí. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń ṣe é, o kò sì kàn lè yọjú síbẹ̀. O máa kọ́kọ́ gba cita previa, ọjọ́ àti wákàtí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wá a lọ́jọ́ tí o bá dé gan-an, kódà kí ilé tó jáde, torí ààyè kì í pọ̀. Bí ojú ìwé náà bá ń sọ pé kò sí ààyè, tún gbìyànjú láàárọ̀ kùtùkùtù, kí o sì máa ya àwòrán ojú fóònù rẹ nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí pé ìwọ kọ́ lo jókòó tẹtẹrẹ nìyẹn. Àwọn kan ń ta cita fún àlejò. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fún ni. Má fún wọn ní kọ́bọ̀ rẹ, má sì fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ ránṣẹ́ sí wọn.

Fọ́ọ̀mù EX-17 ni o máa kọ. O tún máa tẹ fọ́ọ̀mù owó jáde, modelo 790, código 012. Owó rẹ̀ kò tó yúrò 20. Báńkì ni wọ́n ti ń san án, ọ̀pọ̀ báńkì kì í sì í gba irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àárọ̀, nítorí náà san án ní ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú cita. Mú fọ́ọ̀mù méjèèjì lọ, pẹ̀lú fọ́tò, pásípọ́ọ̀tù àti fọ́tòkọ́pì rẹ̀, volante padrón, àti lẹ́tà ìgbàwọlé. Wọ́n á tẹ ìka rẹ, wọ́n á sì fún ọ ní resguardo, bébà kan tí kò jọ nǹkan kan lójú. Pa á mọ́, òun ni wọ́n fi ń gba káàdì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ò gbọdọ̀ dé bá ọ lójijì. Àwọn ará Sípéènì ń jẹ́ orúkọ ìdílé méjì, ti bàbá àti ti ìyá, fọ́ọ̀mù wọn sì ní ààyè fún méjèèjì. Má wá orúkọ ìdílé Màmá rẹ lọ kọ síbẹ̀ kí ààyè má baà ṣófo. Kọ orúkọ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, fi ààyè kejì sílẹ̀. Kíyè sí i pẹ̀lú pé òṣìṣẹ́ lè fi orúkọ àárín rẹ ṣe orúkọ ìdílé. Bí padrón bá ní orúkọ kan, tí yunifásítì ní òmíràn, wàá ṣàlàyé títí.

Fóònù àti owó

Káàdì SIM kò ṣeé rà láìfi pásípọ́ọ̀tù hàn, òfin ni. Béèrè prepago, èyí tí ènìyàn ń kó owó sí fúnra rẹ̀. Orange, Digi, Lebara, Lycamobile, gbogbo wọn ló ń tà á. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago wọn fi wákàtí kan ṣíwájú ti Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà aago yín á dọ́gba, ó sì di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta kí ó tó tún yàtọ̀. Sọ fún àwọn ará ilé, kí wọ́n má baà pè ọ́ nínú kíláàsì.

Ààmì nọ́ńbà wọn jẹ́ ìdàkejì tiwa. 1.200 ni ẹgbẹ̀fà, 12,50 sì ni yúrò méjìlá àti àádọ́ta sẹ́ǹtì. Ka ìwé owó ilé lẹ́ẹ̀mejì kí o tó fọwọ́ sí i.

Oúnjẹ àti wákàtí rẹ̀

Agogo méjì sí mẹ́rin ni oúnjẹ ọ̀sán wọn, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sókè ni oúnjẹ alẹ́. Àwọn ilé ìtajà kéékèèké ń tì láti bí agogo méjì títí di márùn-ún, wọ́n á wá tún ṣí di alẹ́. Bí o bá lọ sí búkà lágogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ pé o fẹ́ jẹun, wọ́n á wò ọ́ bákan. Ní ọ̀sán, béèrè menú del día: abọ́ àkọ́kọ́, abọ́ kejì, búrẹ́dì, ohun mímu, àti èso tàbí ohun dídùn, gbogbo rẹ̀ ní iye kan ṣoṣo. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kì í sábà tún dáná lálẹ́.

Ṣùgbọ́n dáná. Fún jọ̀lọ́ọ̀fù, má ra ìrẹsì róbótó wọn, á di ẹ̀kọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Arroz largo tàbí vaporizado ni kí o wá. Merluza ni ẹja tó jẹ́ panla wa, callos ni ṣàkì. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà ni o ti máa rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, plátano macho. Bí o bá kàn sọ plátano, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n á gbé fún ọ. Ñame ni iṣu, yuca ni ẹ̀gẹ́, habanero sì sún mọ́ ata rodo wa pẹ́kípẹ́kí. Oúnjẹ Sípéènì fúnra rẹ̀ kì í ta rárá. Gbé ata gígún rẹ dání.

Láàárín ènìyàn

Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kí wọn kí o tó sọ ohun tí o fẹ́. *Buenos días* ni títí wọ́n á fi jẹun ọ̀sán, ó lè tó agogo méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ló di *buenas tardes*. Ní ọjà tàbí ilé ìwòsàn, o lè rí èrò tó dúró káàkiri láìsí ìlà. Ìlà wà, inú orí wọn ló wà. Béèrè pé *¿Quién es el último?*, ta ló kẹ́yìn? Ẹni tó bá dáhùn ni o tẹ̀ lé, kí o sì dáhùn nígbà tí ẹni tó tẹ̀ lé ọ bá béèrè.

Obìnrin máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì láti kí ọ, ọkùnrin sí ọkùnrin máa ń bọ ọwọ́. Bí kò bá bá ọ lára mu, tètè na ọwọ́ síwájú, kò ní di ìjà. Ní kíláàsì, wàá gbọ́ tí ọmọdé ń pe olùkọ́ ní orúkọ rẹ̀ gan-an, tí ó ń sọ *tú*, ìyẹn «ìwọ», sí i. Bí ahọ́n rẹ ò bá gbà á, *usted*, «ẹ̀yin» ti ọ̀wọ̀, ni kí o máa lò. Kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Bí wọ́n bá fún ọ ní àdéhùn «bajo el reloj», abẹ́ aago Plaza Mayor ni, ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pàdé.

Ilé ìwé

Lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà, parí matrícula, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀, gba káàdì akẹ́kọ̀ọ́, kí o sì rí i pé o lè wọ Studium, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùkọ́ ń kó iṣẹ́ sí. Máàkì wọn kò ju 10 lọ. 5 ni ẹni tó yege ń gbà. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tutoría tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa rò pé o wá bẹ̀bẹ̀ máàkì, nítorí náà lọ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ò bá tíì dé, ilé ìkàwé gbogbogbòò wà ní Casa de las Conchas, ilé àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ ìkarahun sí gbogbo ara rẹ̀.

Wọ́n á sọ fún ọ pé kí o wá ọ̀pọ̀lọ́ tó jókòó lórí agbárí lára ògiri yunifásítì àtijọ́. Ẹni tó bá rí i fúnra rẹ̀ á yege. Wá a, kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n san owó káàdì ní báńkì kí o tó lọ wá ọ̀pọ̀lọ́.

Bí ara kò bá yá

112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni. Àgbélébùú aláwọ̀ ewé ló ń fi ilé oògùn hàn. Bí wọ́n bá ti tì, ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà máa ń sọ èyí tó ṣí lóru yẹn. Bí ibà bá mú ọ ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù àkọ́kọ́, má kàn sọ pé òtútù ni. Lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà: *Acabo de llegar de Nigeria, puede ser malaria*, ìyẹn ni pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn. Dókítà tí kì í rí ibà ẹ̀fọn lójoojúmọ́ lè má rántí rẹ̀, ibà náà kì í sì í dúró deni.

Ọjọ́ tí káàdì bá jáde

Ó sábà máa ń gba bí oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀. Ní àsìkò yìí, bí físà rẹ bá ti parí, má ṣe jáde ní Sípéènì láìgba autorización de regreso, ìwé àṣẹ ìpadàwọlé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìpadàwọlé á nira. Bí káàdì bá jáde, mú resguardo àti pásípọ́ọ̀tù lọ gbà á. Kí o tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́ náà, ka orúkọ rẹ lórí káàdì, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ka ọjọ́ ìbí, kí o sì kọ ọjọ́ tí yóò parí sínú kàlẹ́ńdà fóònù rẹ. Fi ìkìlọ̀ kan sí ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú rẹ̀, torí láti ìgbà náà lọ ni o ti lè béèrè fún ìsọdọ̀tun.